Ariwo Kò Ṣe é Kà: Kí Olúkúlùkù Aṣòfin Fi Orúkọ Ti Ìbò Rẹ̀ Lẹ́yìn

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí ìkéde ìlú-kò-fararọ tí Ààrẹ Bọlá Tinúbú ṣe lórí Ìpínlẹ̀ Rivers, ohùn ẹnu lásán sì ni ilé méjèèjì fi ṣe é. Ẹni tó wà lórí àga ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pariwo. Ó ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn kan dáhùn, ó lu òòlù, ó parí. Gómìnà tí àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò yàn, igbákejì rẹ̀ àti gbogbo ọmọ ilé aṣòfin wọn di ẹni tó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, ọ̀gágun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì ló sì ṣe alákòóso níbẹ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Nàìjíríà kan, títí kan àwa tí iṣẹ́ wa ni láti mọ̀, tó lè ka iye aṣòfin tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ lórí ìka.

Bóyá Ààrẹ lágbára lábẹ́ òfin láti ní kí gómìnà lọ jókòó sílé, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ nìyẹn. Bóyá ìjà Gómìnà Siminalayi Fubara pẹ̀lú àwọn aṣòfin rẹ̀ ti dé ibi tí irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi yẹ, àwọn òǹkàwé wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn lé e lórí, ẹ̀yìn méjèèjì ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ lẹ́tà sí wa. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kéré ju ìyẹn lọ, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́: ìpinnu tí ìwé òfin bá ti dá iye ìbò lé, kíkà ni kí wọ́n máa ka ìbò rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó dì í sílẹ̀.

Abala 305 nínú ìwé òfin ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ó ní ìkéde ìlú-kò-fararọ yóò di òfo bí ilé méjèèjì bá wà ní ìjókòó, tí ọjọ́ méjì sì kọjá láìjẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Gbogbo ọmọ ilé ni ó sọ, kò sọ pé àwọn tó wá lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kọ ìwé òfin yìí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, nítorí pé nígbà tí wọ́n dé orí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé, ohun tí wọ́n kọ ni pé kí ìdá kan nínú mẹ́ta ti péjú kí ìjókòó tó lè wáyé, kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá wà níbẹ̀ sì máa pinnu. Ọ̀rọ̀ tó le ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n tó le kalẹ̀ fún. Sẹ́nétọ̀ 109 ni a ní, nítorí náà 73 ni ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin 360 ni a ní, 240 ni tiwọn. Etí ta ló mọ ariwo ẹni 240 yàtọ̀ sí ti ẹni 235?

Wọ́n ti dá wa lóhùn nípa ti Ilé Aṣojú-ṣòfin pé 243 ni orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn tó wá sí ìjókòó lọ́jọ́ náà, nítorí náà iye tí òfin béèrè ti pé, ó tilẹ̀ ti lé. A ké sí Abẹnugan Tajudeen Abbas pé kó jọ̀wọ́ tún ìṣirò yìí wò. Ìwé tí aṣòfin ń buwọ́ lù bó bá ti ń wọlé ń sọ pé ó wá ni. Kò sọ pé ó wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí wọ́n béèrè ìbéèrè náà, kò sì sọ ohun tó fi dáhùn. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé gbogbo ẹni 243 náà jókòó pinpin láìsí ẹnì kan tó jáde lọ gba ìpè tẹlifóònù, ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n fi lé sí iye tí òfin ní kó pé. Bí mẹ́rin nínú wọn bá wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, 239 ló kù, ìkéde Ààrẹ sì ti di òfo nìyẹn. Àwọn ọmọ Ilé kan ti sọ ní gbangba pé àwọn kò fọwọ́ sí i. Ṣé wọn kò tó mẹ́rin ni? Ṣé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ? Abẹnugan kò lè mọ̀, àwa náà kò lè mọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà láti mọ̀ sì ni èyí tí ó kọ̀ láti gbà.

Ti Ilé Aṣòfin Àgbà tilẹ̀ tún pa ni lẹ́nu mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tí kò fẹ́ ẹ ti sọ tẹnu wọn, láìsí akọ̀ròyìn, láìsí kámẹ́rà. Nígbà tí wọ́n sì jáde, Ààrẹ Ilé, Godswill Akpabio, gbé ìbéèrè síwájú wọn, ohùn dáhùn, òòlù dún. Sẹ́nétọ̀ Seriake Dickson láti Bayelsa ni a mọ̀ dájú pé ó ta kò ó, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló tú ọ̀rọ̀ náà síta. Sẹ́nétọ̀ tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ lè délé kó sọ fún ẹni tó fẹ́ ẹ pé òun gbà, kó sì sọ fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ pé òun kò gbà, kò sì sí ìwé kan tó lè pè é ní òpùrọ́.

Bẹ́ẹ̀ ìwé kan wà tó yẹ kó jẹ́rìí. Àkọsílẹ̀ ìbò àti ìjókòó, tí wọ́n ń pín fún àwọn aṣòfin bí ìjókòó mìíràn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè fọwọ́ sí i, ni ìwé náà. Ẹni tó bá ti kà á rí mọ bó ṣe máa ń lọ. Yóò sọ aago tí wọ́n jókòó, yóò sọ pé wọ́n gbàdúrà, yóò dárúkọ ẹni tó gbé àbá kalẹ̀ àti ẹni tó kín in lẹ́yìn, yóò to àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i lẹ́sẹẹsẹ. Tó bá wá dé orí ohun tí gbogbo wàhálà ọjọ́ náà dá lé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni: a bi Ilé, Ilé sì gbà. Ilé kò lẹ́nu. Èèyàn ló lẹ́nu, èèyàn a sì máa ní orúkọ. Ọmọ Rivers tó bá ṣí ìwé yìí ní ogún ọdún sí i yóò rí orúkọ ẹni tó kín àbá lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹni tó ṣojú àdúgbò bàbá rẹ̀, bóyá ó gbà ni tàbí ó kọ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ fún wa pé wọn kò mọ ìbò kà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ fẹ́ yan ẹni tí yóò jókòó sórí àga náà, 63 ni Akpabio ní, 46 ni Abdulaziz Yari ní, ẹ rò ó pọ̀, 109 ni, ìbò kan kò sọnù. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Abbas ní ìbò 353 nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin. Àga tiwọn ni wọ́n ń pín nígbà náà, wọ́n sì mú kíkà rẹ̀ ní òkúnkúndùn. Ẹ̀rọ ìdìbò náà wà nílẹ̀: òun ni ilé méjèèjì lò ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2022 nígbà tí wọ́n dìbò lórí àtúnṣe ìwé òfin, tí iye ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, tí àwọn obìnrin tí wọ́n já àbá wọn kulẹ̀ sì kó ara wọn lọ sí ẹnu géètì ilé aṣòfin. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, Ilé Aṣojú-ṣòfin ti yí ohùn padà lórí mẹ́ta nínú àwọn àbá náà.

Òǹkàwé wa tó ti ń bá wa bọ̀ yóò rántí ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ fífi èsì ìbò ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ ló wà nílẹ̀, ohùn ẹnu ni wọ́n fẹ́ fi parí rẹ̀, àfi ìgbà tí Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe yarí pé kí wọ́n pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìlànà Ilé ṣe fi àyè gbà á. Wọ́n pè é. Àwọn 52 ní kí àjọ elétò ìdìbò lọ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, àwọn 28 ní kí wọ́n fi àjọ náà sílẹ̀, a sì mọ àwọn tí kò sí níbẹ̀ rárá. Orúkọ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì. Àwọn èèyàn gbé orúkọ náà lọ bá wọn nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ní ibi ìnáwó. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Ilé kan náà yí ìpinnu rẹ̀ padà, àjọ elétò ìdìbò sì gba àyè tó ń béèrè. Ohun tí orúkọ inú ìwé lè ṣe nìyẹn. A kọ ọ́ nígbà náà pé kí wọ́n sọ ọ́ di àṣà. Wọn kò ṣe é. A tún un kọ nígbà tí wọ́n ka àbá orin orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, tí a sì jí lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà tí a bá orin mìíràn lẹ́nu wa. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà mélòó ni kí a tún sọ ọ́?

Àwọn kan yóò rán wa létí pé ohùn ẹnu náà ni Ilé Aṣòfin Àgbà fi pa àbá sáà kẹta fún Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006. Òótọ́ ni, a kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí ìbéèrè ọjọ́ yẹn tó wáyé, àwọn sẹ́nétọ̀ ti dìde lójú tẹlifíṣọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti sọ ibi tí olúkúlùkù dúró sí, gbogbo ìlú ń wò wọ́n, wọ́n sì ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba ni ohùn tó dún lẹ́yìn náà fi kún ohun tí a ti mọ̀. Ti Rivers ní ọdún 2025 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti parí, ohùn tó dún nìkan ni a gbọ́.

Wọ́n tún ní yóò gba àkókò. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pe orúkọ 360 nítorí àtisún ìjókòó síwájú tàbí nítorí àti kẹ́dùn pẹ̀lú ìdílé olóògbé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìwé òfin dá ìdá méjì nínú mẹ́ta lé kò pọ̀ lọ́dún, ẹ̀rọ sì wà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò tó fẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ kan lówó a máa kọ orúkọ àwọn tó dúró fún un sínú ìwé, ẹnikẹ́ni kì í sì sọ pé ó gba àkókò.

Èyí tí wọn kì í sọ sókè ni pé bí ìbò bá di ti orúkọ, àwọn olórí ẹgbẹ́ àti àwọn tó wà ní Aso Rock yóò mọ ẹni tó kọ̀, wọn yóò sì du ú ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ iwájú. Ta ló wá kù tí kò mọ̀ báyìí? Àwọn olórí ẹgbẹ́ wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n mọ ẹni tó pariwo, wọ́n mọ ẹni tó yọ́ jáde, wọ́n mọ ẹni tó wojú ilẹ̀. Àwọn ará ẹkùn ìdìbò nìkan ni ìbò olóhùn ń fi aṣòfin pamọ́ fún. Àhesọ oríṣiríṣi ló tún jà ràn-ìn nígboro nípa ohun tó mú kí àwọn ilé méjèèjì gbà. A kò ní tún un sọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n aṣòfin tó kọ̀ pẹ̀lú ọkàn mímọ́ kò ní ìwé kan lọ́wọ́ tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́, àwọn tó wà lórí àga ló sì fi í sínú ẹrẹ̀ yẹn.

Amẹ́ríkà tí a wo àwòkọ́ṣe ìjọba ààrẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé òfin rẹ̀ pé bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó wà ní ìjókòó bá ti béèrè, dandan ni kí wọ́n kọ ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀ sílẹ̀. A kó ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, a fi èyí sílẹ̀. Kò gba pé kí a tún ìwé òfin tiwa ṣe kí a tó ní irú rẹ̀, nítorí abala 60 fún ilé kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣètò ìlànà ara rẹ̀. Kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún ìlànà wọn: ìpinnu tí ìwé òfin bá béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta fún, ẹ̀rọ tàbí ìpè orúkọ ni kí wọ́n fi dìbò rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà sì gbé orúkọ gbogbo ọmọ ilé jáde, ẹni tó gbà, ẹni tó kọ̀, ẹni tó dákẹ́ àti ẹni tí kò wá, kí ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ilé tó lè ka àbá orin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan kò nílò ìgbìmọ̀ kankan fún èyí.

Kò sì yẹ kó falẹ̀. Oṣù mẹ́fà ti Rivers parí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ṣùgbọ́n bí Ààrẹ bá tún kéde ìlú-kò-fararọ níbòmíràn, ìpinnu ilé méjèèjì ni yóò tún nílò. Bí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti dé, àwọn aṣòfin wa a máa wálé láti Àbújá, wọn a pín ìrẹsì, wọn a jókòó sí iwájú ní yìdí. Kí ẹ̀yin tí ẹ dìbò fún wọn, láti Ìkòròdú dé Ìséyìn, láti Ìlá dé Ọ̀wọ̀, bi wọ́n léèrè níṣojú àwọn èèyàn: ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2025, ṣé bẹ́ẹ̀ ni lẹ wí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Èyíkéyìí tí wọ́n bá fi dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde.