Ẹ Sanwó fún Ẹni tó ń Ṣọ́ Oòrùn

Owó ọtí bíà ló jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé oòrùn lè wà lókè lọ́hùn-ún kó sì da iṣẹ́ wáyà rú nílé ayé. Richard Carrington, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, ló ń ṣọ́ oòrùn náà. Bàbá rẹ̀ ló ní ilé ìpọntí kan ní Brentford, lẹ́bàá London. Èrè ibẹ̀ ni ọmọ fi kọ́ ilé àti ibi ìwòràwọ̀ sí Redhill, ní Surrey, níbi tó ti ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ṣì ń jẹ àǹfààní rẹ̀, láìgba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìtàn akọni ni àwọn kan fi ń ṣe. Lójú tiwa, ìtìjú ni fún ìlú tó lówó tó bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ sì ni fún ìjọba yòówù tó bá rò pé ohun tí kò mówó wọlé lónìí kò yẹ ní ohun tí à ń náwó lé.

Ọdún 1826 ni wọ́n bí Carrington. Iṣẹ́ àlùfáà ni wọ́n ní lọ́kàn fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ tó gbọ́ ní Cambridge yí i lọ́kàn padà. Yunifásítì Durham gbà á síṣẹ́ ní 1849. Irinṣẹ́ ibẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì fibẹ̀ sílẹ̀ ní 1852. Ó ṣe tán, ọmọ olówó ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò ní ilé ìpọntí ì bá jókòó síbẹ̀ máa ráhùn. Ní Redhill, òru ló fi ń wọn ibi tí ìràwọ̀ wà. Ìràwọ̀ 3,735 ló kọ sínú ìwé tó jáde ní 1857, owó ìjọba ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí ìwé yẹn, Royal Astronomical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Bìrìtéènì, fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ní 1859.

Iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ gan-an la fẹ́ kí àwọn aláṣẹ wò dáadáa. Láti oṣù kọkànlá 1853 títí di oṣù kẹta 1861, ọjọ́ tí ìkùukùu bá ti gbà fún un, àmì dúdú ojú oòrùn ló ń yà tó sì ń wọ̀n. Kì í fi ojú lásán wò ó, nítorí ìfọ́jú ni. Ó máa ń jẹ́ kí awò ńlá rẹ̀ ju àwòrán oòrùn sórí gíláàsì tó kùn lọ́dà, ibẹ̀ ni yóò ti máa wò ó. Ó rí i pé àwọn àmì tó wà nítòsí ìbàdí oòrùn, ìyẹn agbedeméjì rẹ̀, ń yí po ní nǹkan bí ọjọ́ 25, àwọn tó jìnnà síbẹ̀ sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oòrùn bá le bí òkúta ni, gbogbo ara rẹ̀ ni ì bá jọ máa yí. Ó tún rí i pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibi tí àmì tuntun ti ń yọ ń sún mọ́ ìbàdí náà. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá 1853 ni àwọn onímọ̀ ti ń ka yíyípo oòrùn. Ó ti lé ní 2,290 báyìí, orúkọ Carrington ni wọ́n sì fi ń pè é.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1859, ó ń ya agbo àmì ńlá kan. Bí aago ṣe kọjá mọ́kànlá àárọ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 18, ìmọ́lẹ̀ funfun méjì bù yẹ̀rì láàárín wọn. Ó kọ́kọ́ rò pé ìtànṣán kan ló gba ojú ihò wọlé. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sáré lọ pe ẹlẹ́rìí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi padà dé, ìmọ́lẹ̀ náà ti ń kú lọ. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti tán. Ọpẹ́lọpẹ́ Richard Hodgson tó ń wo oòrùn tirẹ̀ ní Highgate, òun náà rí i. Ní Kew, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ agbára òòfà ilẹ̀ ayé mì ní àkókò yẹn gan-an.

Kí wákàtí 18 tó pé, ìjì òòfà, ìyẹn ìrúkèrúdò tí oòrùn ń dá sílẹ̀ nínú agbára òòfà ayé, dé. Ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tí àwọn tó wà nítòsí òpin àríwá àti gúúsù ayé sábà máa ń rí tàn dé Cuba. Iná wáyà tí wọ́n fi ń tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ gbé àwọn òṣìṣẹ́ kan nídìí ẹ̀rọ. Láàárín Boston àti Portland ní Amẹ́ríkà, wọ́n já bátìrì kúrò, wọ́n sì ń fi iná tí ìjì náà kó sínú wáyà tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn. Carrington kò tìtorí ẹ̀ fọ́nnu. Ó ní alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo kọ́ ló ń mú ìgbà ooru wá, ìyẹn ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí pé ìmọ́lẹ̀ náà ló fa ìjì.

Ta ni ì bá buwọ́ lu owó fún ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn? Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè kọ ọ́ sínú ìṣúná. Ọdún mẹ́fà tí ó fi ń ṣe iṣẹ́ tí kò ládùn létí ẹnikẹ́ni ló gbé e dé iwájú gíláàsì náà lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ti kú ní 1858, ilé ìpọntí sì di ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ipò alábòójútó ibi ìwòràwọ̀ Cambridge ṣí sílẹ̀ ní 1861, ó fojú sí i, John Couch Adams ni wọ́n fún. A ò ní Adams kò kúnjú ìwọ̀n. Ó wà lára àwọn tó fi ìṣirò mọ ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì Neptune wà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ìṣirò ni, ẹni tó ń jókòó ṣọ́ ni Carrington. Ọdún yẹn náà ló ta Redhill. Ó gbé ìwé àmì oòrùn rẹ̀ jáde ní 1863, ó sì kú ní 1875 lẹ́ni ọdún 49. Ọjọ́ a kú là ń dère: lónìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìjì ọjọ́ náà.

Wáyà tiwa pọ̀ ju tìgbà yẹn lọ. Ní oṣù kẹta 1989, ìjì oòrùn mú iná mànàmáná lọ ní Quebec, ní Kánádà, èèyàn mílíọ̀nù mẹ́fà sì wà nínú òkùnkùn fún wákàtí mẹ́sàn-án. Ní oṣù kejì 2022, ìjì tí kò lágbára rárá ba nǹkan bí 40 jẹ́ nínú sátẹ́láìtì Starlink 49 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sókè. Bìrìtéènì ti gbọ́n: láti 2014 ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ń ṣọ́ oòrùn tọ̀sán-tòru ní Exeter. Gúúsù Áfíríkà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe tirẹ̀ ní Hermanus.

Ẹni tó bá ní kí ni kàn wá, nígbà tí iná tiwa ń lọ láìsí ìjì kankan, ó pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá wa lóhùn. Ìtòsí ibi tí òòfà ayé ti pín sí méjì ni Nàìjíríà wà, níbi tí òfuurufú òkè ti máa ń da àmì GPS láàmú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, àgàgà lásìkò tí oòrùn bá ń ru. Bàálù, báńkì àti fóònù ń lo àmì yẹn. NASRDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí òfuurufú, ti wà láti 1999. Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ Abuja ni pé kí owó ìṣọ́ oòrùn àti òfuurufú òkè ní àyè tirẹ̀ nínú ìṣúná ọdọọdún, kó má ṣe dúró de ìrànwọ́ òkèèrè. Kí owó oṣù àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ máa wọlé, ìbáà jẹ́ ọdún tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Kí àkọsílẹ̀ náà sì wà ní gbangba, kí awakọ̀ òfuurufú àti akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i kà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ gan-an.