Ìrọ̀rí tó pẹlẹbẹ kì í ṣe ayédèrú dandan

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ìrọ̀rí tó bá ti pẹlẹbẹ, ayédèrú ni wọ́n tà fúnni, àti pé kéèyàn sá a sóòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, yóò bọ̀ sípò. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò rí bẹ́ẹ̀.

Orí àgbàlagbà wúwo tó kílò 4 sí 5. Alaalẹ́ ló ń tẹ ojú kan náà. Òógùn, òróró irun àti ooru Ògbómọ̀ṣọ́ tún ń wọnú ẹ̀. Ojúlówó gan-an á rẹ̀wẹ̀sì.

Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Òwú àràbà tí àwọn ìyá wa ń kì sínú ìrọ̀rí, oòrùn bá a lára mu: ọ̀rinrin á gbẹ, òwú á tún wú, ẹ sáà gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ti fóòmù kọ́! Oòrùn ganrínganrín ló ń sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú, tí á máa rún bí àkàrà àná. (Èmi náà ti ba ọ̀kan jẹ́ báyẹn nígbà ọyẹ́.) Ibòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Èyí tó jẹ́ pọliẹ́sítà (òwú àtọwọ́dá) tó ti dì ní kókó-kókó, ẹ fọwọ́ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dénú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ká ìrọ̀rí ọ̀hún sí méjì, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀. Bí kò bá ta padà, ó ti kú nìyẹn, oòrùn kankan ò lè jí i. Ẹ kọjá sí Tákíè nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kẹ́ ẹ ra òmíràn.