Ta ló ní ọ̀bẹ nìkan ni òògùn àpò omi inú ẹ̀dọ̀?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, níbi ìkómọjáde kan ní Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí tún jáde. Ọmọbìnrin aránṣọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ẹkógíráfì, ìyẹn àwòrán inú ikùn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wò, wọ́n sì rí àpò omi lọ́pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, èyí táwọn dókítà wa ń pè ní kísìtì. Ìyá kan gbá a lọ́wọ́ mú: "Ọmọ mi, tètè lọ là á o. Kísìtì tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀, ọ̀bẹ nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀." Kí a tó jẹun tán, ọmọ náà ti ń wá ẹni tó máa ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ó sú mi. Mo gbọ́ ọ ní ọjà Ouando, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé. Irọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí kò nílò ìtọ́jú kankan. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹran ẹ̀dọ̀ tó wà láàárín àwọn àpò náà ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi sábà máa ń dára. Títóbi ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹ̀dọ̀ á wú, á tẹ agbẹ̀du, òkèlè mẹ́ta á ti yó èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní i, ojú mi ló ṣe. Ikùn wọn yọ débi pé àwọn èèyàn ń kí wọn lójú pópó, "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o!", ẹni ọdún 47. Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ kí wọ́n má mí hẹlẹhẹlẹ. Àpò kan ló tóbi ju gbogbo ìyókù lọ. Dókítà ò là wọ́n rárá. Ó ń wo ojú ẹkógíráfì, ó gba ara ikùn ti abẹ́rẹ́ gígùn wọ inú àpò náà, ó fa omi jáde, omi tó rí bíi tíì tí kò tíì pọ́n. Mo rò pé ó parí. Dókítà ní rárá, bí a bá fà á lásán, á tún kún, torí pé awọ inú àpò ló ń sun omi náà. Ló bá da ọtí líle ti ilé ìwòsàn sínú rẹ̀ kó lè pa awọ yẹn, ó sì tún fa ọtí náà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi mu ẹ̀kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Oṣù mélòó kan ni àpò náà fi ń sún kì.

Bó bá jẹ́ àpò wẹ́wẹ́ ló kún ẹ̀dọ̀ fọ́fọ́, èyí kò ní ṣeé ṣe. Ibẹ̀ ni òògùn abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ lanreotide ti wúlò, torí ó ń dín omi tí awọ náà ń sun kù. Lọ́dún 2009, ìwádìí kan jáde láti Netherlands àti Belgium lórí aláìsàn 54, abẹ́rẹ́ kan ní ọjọ́ 28 síra wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ̀dọ̀ àwọn tó gba òògùn dínkù ní ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Tàwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní òògùn nínú tún wú sí i ní ìdá 1.6. Ó kéré lójú yín? Ẹ̀dọ̀ tó ju lítà mẹ́rin lọ là ń sọ, tó yẹ kó jẹ́ lítà kan àbọ̀. Owó rẹ̀ ga lóòótọ́, bí wọ́n bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, ẹ̀dọ̀ á tún máa wú.

Èyí tó rọrùn jù ni wọn kì í sọ fún obìnrin. Ẹstrójìn, èròjà inú ara tó pọ̀ lára obìnrin, ń mú kí àpò wọ̀nyí dàgbà. Obìnrin tó bá ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní in nínú, kó ní kí dókítà bá òun pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún 11 ni ẹ̀gbọ́n mi fi gbé e mì kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n.

Wọ́n á ní, "Wọ́n la lágbájá, ara rẹ̀ yá." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé iṣẹ́ abẹ wà fún àwọn tí tiwọn ti le kọjá bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ nìkan ló sì ń mú àìsàn náà kúrò pátápátá. Wọn ò pọ̀.

Mo lọ sílé aránṣọ yẹn lọ́jọ́ Ajé. A jọ ka ìwé èsì rẹ̀: àpò tó tóbi jù kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ikùn ò dùn ún. Mo bi í bóyá wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, torí àìsàn yìí sábà máa ń bá àpò omi inú kíndìnrín rìn, ìyẹn sì lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru, kó ba kíndìnrín jẹ́. Ó ní wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó yẹ kó padà lọ béèrè nìyẹn. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti lẹ ìwé "títà" mọ́ ọn. Ó ṣí i kúrò kí n tó lọ.