Ta Ló Yẹ Kó Máa Gbé Lẹ́tà IT Kiri Òṣogbo?

Bí àsìkò IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń lọ ṣe ní ibi iṣẹ́, bá ti dé, ẹni tó bá ń gba Ọlá-Ìyá kọjá sí Òkè-Fíà, tàbí tó wọkọ̀ lọ sí Abéèrè lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, kò ní ṣàìrí wọn. Ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọdún méjìlélógún, aṣọ wọn mọ́ tónítóní, fáìlì ọ̀rá wà lábẹ́ apá wọn. Lẹ́tà tí yunifásítì kọ ló wà nínú fáìlì náà, wọn kò sì kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan sí i. Ẹni tó bá ṣàánú ọmọ ni lẹ́tà wà fún. Akọ̀wé á ní kí wọ́n fi sílẹ̀, "a ó pè yín." Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á kọjá sí ilé-iṣẹ́ tó kàn. Èyí tí àǹtí rẹ̀ mọ ọ̀gá kan ní báǹkì á ti ríbi jókòó kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èyí tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìgbọ̀nà á ṣì máa rìn nígbà tí oṣù kejì bá wọlé, ibi tó bá sì gbà á nígbẹ̀yìn lè má ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun tó ń kọ́.

Ìwé ìròyìn yìí gbà pé yunifásítì ló yẹ kó máa gbé lẹ́tà yẹn kiri. A kò bẹ̀ wọ́n fún ojúrere. Láti 1973 tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti dá SIWES, ètò tí IT yìí wà lábẹ́ rẹ̀, sílẹ̀, ara iṣẹ́ tí ìlànà ètò náà gbé lé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó o, kí wọ́n sì máa wá ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ṣẹ́. Ọ́fíìsì wà. Tábìlì wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ wà lórí tábìlì. Ó kù kí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì náà dìde.

Ẹ wo logbook tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mú bọ̀ láti ibi IT. Àyè wà nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àyè wà fún àwòrán, àyè wà tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò buwọ́ lù bí ọ̀sẹ̀ bá parí. Ẹni tó bá ti ṣe IT rí mọ bó ṣe ń lọ. Ọmọ á gbọ́ pé olùkọ́ tó ń yẹ àwọn wò ń bọ̀ lọ́la, á kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pọ̀ lóru ọjọ́ kan, ọ̀gá á sì fi bírò kan náà buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ láì ka ìlà kan. "Mo kọ́ nípa ìtọ́jú fáìlì" ló wà ní ojúewé kejì, òun náà ló wà ní ojúewé kẹfà. Kò sì parọ́. Fáìlì ló ń gbé láti yàrá kan sí èkejì, òun ló ń ra oúnjẹ ọ̀sán wá fún àwọn àgbà ọ́fíìsì, òun ló ń sáré lọ ṣe fótókọ́pì. Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ fún èyí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Tó bá yá, àwọn agbanisíṣẹ́ á bọ́ sórí rédíò, wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́jáde òde òní kò mọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí gbèsè ti wọ̀ ọ́. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2023 ní kí owó tó ń wọlé fún ẹbí má ju 500,000 náírà lọ lọ́dún, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì wá oníduùró méjì tó jẹ́ ènìyàn pàtàkì. Bí ẹni tó tálákà tó bẹ́ẹ̀ yóò ṣe rí irú oníduùró bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣòfin ló mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹrin 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tuntun tó mú ìdènà wọ̀nyẹn kúrò. Láti ìgbà náà ni NELFUND, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, ti ń san owó ilé-ìwé tààrà sápò ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, tó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣooṣù kó fi jẹun. Owó náà kò ní èlé. Bí ọmọ bá sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, wọ́n á fún un ní ọdún méjì, lẹ́yìn èyí ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀ yóò máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fi san gbèsè.

Ètò tó dára ni, a sì ń gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wo ẹni tí ewu wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ jẹ gbèsè. Ìjọba àpapọ̀ yọ owó sílẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí yóò padà. Yunifásítì nìkan ló ti gba tirẹ̀ pé, yálà ọmọ náà ríṣẹ́ tàbí kò rí. Ẹni tó bá ti gba owó ọjà tán lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì gbọ́n tó láti dúnàá dúrà, ó kéré tán, ó yẹ kó bá a gbé ẹrù dé ìdí ọkọ̀.

Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé pàápàá kò tíì ṣí tán. Àwọn ọmọ tó ń jókòó ìdánwò JAMB lọ́dọọdún ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjì, àyè tó wà ní yunifásítì kò sì tó ìdajì wọn. Ẹni tó bá la gbogbo èyí já, tí orúkọ rẹ̀ jáde, owó acceptance, ìyẹn owó tí ọmọ fi ń gba àyè tí wọ́n fún un, ló tún máa kọ́kọ́ bá pàdé, wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún un. NELFUND kò lè san kọ́bọ̀ fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì wọ ìwé yunifásítì. Orúkọ kò sì lè wọ ìwé yunifásítì láìsan acceptance. Ibẹ̀ ni ọmọ aláìní ń já sí, nígbà tí ẹ̀yáwó tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ṣì wà níwájú. Kí yunifásítì ìpínlẹ̀ wa pa owó náà pọ̀ mọ́ owó ilé-ìwé, tàbí kí wọ́n dúró de èsì NELFUND kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Ìpinnu ìpàdé kan ni. Àwọn ọmọ Fountain University tí NASFAT dá sílẹ̀ ní ìlú yìí kò tilẹ̀ sí nínú ètò ẹ̀yáwó náà, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni tiwọn. Ọjọ́ mìíràn ni ti ìyẹn.

A mọ èsì tí wọn yóò fún wa lórí IT: iṣẹ́ wo ló wà ní Òṣogbo tí a ó kó ọmọ lọ síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Machine Tools tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980 àti ilé-iṣẹ́ irin, tí wọ́n tìtorí wọn ní Òṣogbo máa di ìlú ẹ̀rọ, kò dé ibi tí wọ́n pète rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń retí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí yóò gba igba ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà yóò pẹ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán nílùú, kéékèèké ló wà: ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ilé oògùn, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oko adìẹ, àwọn rewáyà àti wẹ́dà, àwọn tó ń gbé sólà sórí òrùlé nítorí iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan. Ọ̀gá tó ń gbé sólà lè má lè gbà ju ọmọ kan lọ, ó sì lè má rí fọ́ọ̀mù ITF rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó bá bá a gun òrùlé fún oṣù mẹ́fà yóò mọ ohun tó ń pa bátìrì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, yóò mọ iye tí wáyà ń jẹ lọ́jà lónìí àti iye tó jẹ lóṣù tó kọjá, yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà tó ní kí wọ́n ṣe é tán kí òun tó sanwó. Kíláàsì wo ni wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn?

Ọmọ kan kò lè wá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ rí, yunifásítì lè wá a rí. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ní alága, wọ́n sì ní ọjọ́ ìpàdé. Bí òṣìṣẹ́ kan láti ọ́fíìsì SIWES bá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wẹ́dà lẹ́ẹ̀kan péré, yóò bá ọ̀gá pàdé níbẹ̀ ju iye tí ogún akẹ́kọ̀ọ́ lè rí fún oṣù kan. Kó kọ orúkọ wọn, kó bá wọn kún fọ́ọ̀mù, kó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé olùkọ́ yóò máa yọjú, pé ọmọ náà kò wá gba oníbàárà wọn. UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tilẹ̀ ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ yunifásítì kò ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2006 ni wọ́n ti tú u ká sí ìlú púpọ̀: iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Èjìgbò, òfin wà ní Ifẹ̀tẹ̀dó, ẹ̀kọ́ nípa òwò àti àwùjọ wà ní Òkukù. Àwọn kan ti ń ráhùn láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìtúká yìí ń ná ìpínlẹ̀ lówó. Tí ó bá ń náni lówó, ẹ jẹ́ kó mú nǹkan bọ̀: kí oko àwọn ará Èjìgbò àti àyíká rẹ̀ di ibi ìkọ́ṣẹ́ fún ọmọ tó wà nítòsí wọn.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé Àbújá ló so òun lọ́wọ́. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, gbé kalẹ̀, CCMAS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́wọ́ NUC. Ìdá 30 tó kù wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá agbègbè rẹ̀ mu kún un. Kí ló wà nínú ìdá 30 ti Òṣogbo? Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe ẹ̀kọ́ ìdásílẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ENT, nínú gbọ̀ngàn tó kún débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ olùkọ́, wọ́n á sì fi bí a ṣe ń po ọṣẹ olómi parí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó mọ ọṣẹ olómi pò ti pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹni tí yóò máa ra gbogbo ọṣẹ náà la kò tíì rí.

Ìlú yìí sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí yunifásítì bá jáde lọ bá ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1950, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ Extra-Mural, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn tí kò lè wá sí ọgbà. Ulli Beier jẹ́ ọ̀kan lára olùkọ́ ẹ̀ka náà. Ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, ó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Ní 1962, òun àti Olóògbé Dúró Ládiípọ̀ ṣí Mbari Mbayo, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà. Nígbà tó di 1964 tí Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán níbẹ̀, ta ló wá? Jimoh Buraimoh tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ wá. Twins Seven-Seven tó jẹ́ oníjó wá. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè èsì ìdánwò. Iṣẹ́ wọn rìn dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹun, wọ́n fi kọ́lé. Nígbà tó yá, ní 1983, Olóyè Nike Davies-Okundaye ṣí ibùdó tiwọn sí Òṣogbo, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní aró àti àdìrẹ.

A kò ní kí wọ́n pa ìdánwò rẹ́ o. Ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ kàn wá lára nílé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ UNIOSUN, a fẹ́ kó ti jókòó ìdánwò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún márùndínlógójì tó ti gba fírídọ́ọ̀mù, tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ jáde, ọ̀nà wo ló wà fún un láti wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ Sátidé? NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni láti òkèèrè, ló máa ń rántí irú wọn. 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ológun tì í ní 1984, wọ́n tún un ṣí ní 2002. NBTE, àjọ tó ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, náà ní ètò tó ń fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìwé-ẹ̀rí lórí ohun tó ti mọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Kí UNIOSUN àti Yunifásítì Ìlẹ́ṣà ka ìwé-ẹ̀rí yẹn sí fún ẹni tó bá fẹ́ kàwé ní ìrọ̀lẹ́ nínú ẹ̀ka tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Kí wọ́n sì san owó fún àwọn ọ̀gá aláró àti ọ̀gá wẹ́dà kí wọ́n wá kọ́ni nínú ìdá 30 yẹn. Owó ni a wí, kì í ṣe ìwé ọpẹ́.

Àwọn olùkọ́ yóò sọ pé ẹrù tó wà lórí àwọn ti pọ̀ jù, owó oṣù kò sì tó nǹkan. Wọn kò purọ́, ìdí sì nìyẹn tí iṣẹ́ yìí kò fi gbọdọ̀ jẹ́ àfikún fún olùkọ́ tó ti ń máàkì ìwé ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ fún un, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì yọ owó rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n jẹ́ ká rí ìṣirò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì tó bá fẹ́ gba owó tó ju ìwọ̀n ìpìlẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ kọ ètò tó ní fún gbígba ọmọ aláìní wọlé, kí àjọ tó ń ṣàkóso wọn sì fọwọ́ sí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì jáde tó nǹkan bí oṣù 15, wọ́n á kàn sí i, wọ́n á bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Níhìn-ín, yunifásítì ní nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ tó fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí NYSC, àwọn ọmọ náà sì wà lórí WhatsApp ní kíláàsì kíláàsì. Iye tó ríṣẹ́, iye tó dá iṣẹ́ sílẹ̀, iye tó ṣì wà nílé, láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kò gbówó lérí láti mọ̀. Òbí tó fẹ́ rán ọmọ lọ sí ẹ̀ka kan lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i kó tó sanwó.

Lọ́dọọdún ni àwọn aláṣẹ yunifásítì ìpínlẹ̀ máa ń lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti gbèjà àbá ìnáwó wọn. Kí àwọn aṣòfin béèrè ìwé méjì lọ́wọ́ wọn lọ́tẹ̀ yìí: orúkọ àwọn ibi iṣẹ́ tí yunifásítì fúnra rẹ̀ wá fún akẹ́kọ̀ọ́ IT, àti ibi tí àwọn tó jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn wà. Bí ìwé méjèèjì kò bá sí, kí wọ́n dá àbá ìnáwó náà padà.