Ẹnubodè tí kò ní géètì
Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sẹ́ni tó ń yẹ páálí wò láàárín Dublin àti Belfast, ẹ rọra o! Lóòótọ́, kò sí géètì. Ìlà ẹ̀gbẹ́ títì ló kàn ń kúrò ní yẹ́lò di funfun. Ṣùgbọ́n físà Ireland kò bá ọmọ Nàìjíríà dé Belfast, ilẹ̀ UK nìyẹn. Ẹni tó ní káàdì IRP, ìyẹn káàdì ìgbélùú Ireland, kò nílò físà àtipadà sí Ireland mọ́ láti ọdún 2019, àmọ́ ó ṣì gbọ́dọ̀ gba ti UK kó tó sọdá. Físà àwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àbúrò mi ní, ló bá tẹ̀lé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ ra bàtà. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, agbófinró wọ bọ́ọ̀sì: "Páálí dà?" Àṣé físà ọ̀hún ti jóná látìgbà tó ti sọdá. Bàtà yẹn ṣì wà nínú páálí ẹ̀ dòní, kò wọ̀ ọ́ rí.