Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún eré lẹ́yìn ilé-ìwé

Bí ilé-ìwé bá jáde lọ́sàn-án ní Adó-Èkìtì, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kì í lọ sílé. Lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún, ló kàn. Orí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti wà láti àárọ̀ ni wọn yóò tún jókòó sí, ọ̀kadà á wá gbé wọn délé nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá á sì tún wà nílẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú, ọmọ kò sáré, kò fò. Ìwà ìkà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló mú wa ṣe é.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò eré tó ń mú èémí yára fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ó kéré tán. Nínú ìṣirò wọn fún ọdún 2016, ìdá 81 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 lágbàáyé ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà èwe sì ni egungun ń kó agbára tí yóò lò dọjọ́ ogbó jọ.

A mọ ohun tí òbí Èkìtì yóò sọ: ìwé ni ogún wa. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wa ni bàbá rẹ̀ fi owó kòkó rán nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n àjọ yìí kan náà sọ pé eré ń ran ọpọlọ ọmọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́, oorun rẹ̀ náà a sì dára sí i.

Ti ọmọbìnrin ló dùn wá jù. Ọmọkùnrin á ṣáà yọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò. Ìdí àdògán tàbí ìdí ọjà ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin ń gbà lọ, tó bá sì ti ń bàlágà, wọ́n á ní kó yé fò kiri, pé ó ti di àgbà. Ta ló sọ pé ọkàn àti egungun obìnrin kò nílò eré?

Ẹ má fi íntáháùsì dá wa lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, àwọn tó yára nìkan ni wọ́n sì ń mú. Ọmọ tó sanra, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ń jókòó pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó wà lórí pápá. Oluyemi Kayode, tí pápá ìṣeré Adó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìsáré 4×100 mítà ní Barcelona lọ́dún 1992. Kì í ṣe olúborí nìkan ni à ń wá o; ọmọ tó ń mí dáadáa là ń wá.

Kí ìjọba Èkìtì pàṣẹ pé, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, lẹ́sìn kankan kò gbọ̀dọ̀ wáyé ní wákàtí kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjáde, eré ni kí àwọn ọmọ ṣe, títí kan àwọn ilé-ìwé aládàáni. Kí wọ́n san owó fún olùkọ́ tó bá dúró ti àwọn ọmọ. Okùn ìfò, bọ́ọ̀lù díẹ̀ àti ẹkùn mẹ́ran tí a ṣe dàgbà ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí omi mímu àti ibòji wà; ọmọ tó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde (sickle cell) gbọ́dọ̀ lè mumi, kó sì sinmi nígbàkigbà láìsí ẹni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n má sì fún ilé-ìwé tuntun tí kò ní pápá níwèé àṣẹ mọ́.

Kí àṣẹ náà ti dé ọwọ́ gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án.