Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gbé tẹlisíkóòpù síta kí ará àdúgbò lè wo sánmà, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ bí a ṣe ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, tèmi náà sì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2025, Sátidé, a gbé tiwa kalẹ̀ ní Òkè Àrẹ n'Ìbàdàn, kò jìnnà sí ilé ìṣọ́ Láyípo. Oòrùn ti wọ̀. Òṣùpá ọjọ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀ bí igbá, àgùàlà sì ń tàn yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá alákàrà kan tó wà lódìkejì títì nàka sókè, ó ní, "Ajá òṣùpá nìyẹn." Kíá ni ọmọkùnrin kan nínú wa ti dá a lóhùn: "Rárá mà, ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Venus ni, pílánẹ́ẹ̀tì ni." Ìyá ní, "Ó dáa o," ó yíjú padà sídìí agbada rẹ̀.

Ó dùn mí. Òótọ́ lọ́mọ yẹn sọ, àmọ́ ó ti lé oníbàárà lọ. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwọn baba wa ti dáhùn ọ̀rọ̀ ajá yẹn tipẹ́: àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Wọ́n ṣe bí! Ẹni tó pa òwe yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ajá. Ká ní ìdajì òwe yẹn la fi dá ìyá lóhùn, òun gan-an ni ì bá parí rẹ̀ fún wa.

Mo sọdá lọ bá a, mo ra àkàrà (mi ò ní purọ́, ebi náà ń pa mí), mo ní, "Ìyá, ẹ wá wò ó bóyá ajá yẹn ní ìrù." Ó rẹ́rìn-ín, ó nuwọ́, ó fojú sí i. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Háà! Àní òṣùpá kékeré ni!"

Ohun tí Galileo, onímọ̀ sánmà ará Ítálì, rí ní 1610 nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kó dá a lójú pé oòrùn ni àgùàlà ń yí ká. Apá tó kọjú sí oòrùn nìkan ló ń mọ́lẹ̀, àwa sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Ìbéèrè bá ń tẹ̀ lé ìbéèrè. Kí ló dé tí wọ́n fi ń rìn pọ̀? Mo ní ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà: ẹni tó bá ń gba Dùgbẹ̀ kọjá lóṣooṣù, dandan ni kó máa pàdé ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Alẹ́ ọjọ́ náà, àgùàlà fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù 70 kìlómítà jìnnà sí wa. Òṣùpá ò ju nǹkan bí 384,000 lọ. Tá a bá gba àárín àgùàlà kọjá, kìlómítà 12,104 ni, ti òṣùpá jẹ́ 3,474.

"Ajá wo ló tóbi ju ẹni tó ni ín lọ?" Ìyá ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Mo fi kún un pé afẹ́fẹ́ tó yí àgùàlà ká ki débi pé ooru ò rí ọ̀nà jáde, ìgbóná rẹ̀ sì tó 465 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Epo tó ń hó lórí iná ìyá ò tó ìdajì ìyẹn. Ó wo agbada, ó wò mí.

Àwọn kan á ní Yorùbá ò ní orúkọ fún gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ẹ pe pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter ní Jupiter. Ṣé ẹni tó ń pe mọ́tò ní mọ́tò kì í wọ̀ ọ́ ni?

Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù kẹta tí àwọn méjèèjì tún pàdé, ìyá ti ń dúró dè wá, ó ti gbé àpótí wá kí ọmọ ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan gùn. Ó fojú sí i. "Ó ti rù o," ó ní. "Àmọ́ kí ló dé tó tún fi tóbi sí i?"

Ọmọkùnrin wa tọjọ́sí ló dá a lóhùn: "Ó ń sún mọ́ wa ni, mà. Ó fẹ́ gba àárín àwa àti oòrùn kọjá."